Eyín Tó Dájọ́ Péálì

Aláago ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná lẹ́ẹ̀kẹta. Kò dúró. Ìkọ́ rẹ̀ ti jẹ. Bó bá ti kúrò nídìí rẹ̀, á tún rọra yà díẹ̀. Láti ojú ibi tó yà yẹn, ó rí ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin níbi tó jókòó sí, tó ń bó ọ̀dùnkún sínú abọ́.

"Fi ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ jàre," ni Aránṣọ wí láti pálọ̀. "Ta ló ń lé ọ?"

Ó fi í sílẹ̀. Ó padà wá jókòó.

Àwọn mẹ́rin ló yí tábìlì ká. Tábìlì tí Aláago fi ń tún aago ṣe ni. Ó ti kó irin iṣẹ́ rẹ̀ kúrò, ó ti tẹ́ aṣọ funfun sí i, nítorí orí aṣọ funfun ni àwọ̀ péálì ti ń hàn dáadáa. Péálì ló kó wọn jọ. Kò sí olówó nínú wọn. Àmọ́ bí kálukú bá rí ọ̀kan tó dára, ó lè máà ra bàtà lọ́dún náà. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń pàdé, láti ilé dé ilé.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, wọn kì í mú èyí tó dára wá. Ohun tí kálukú kọ́kọ́ rà, nígbà tí ojú rẹ̀ ò tíì là, ni wọ́n ń mú wá. Wọ́n á gbé e sí gbangba, wọ́n á ròyìn rẹ̀, wọ́n á fi ara wọn rẹ́rìn-ín. Òfin wọn ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ju tiẹ̀ nù.

Lọ́dún yìí, ilé Aláago ló kàn. Oṣù méjì ṣáájú, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì kó wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti ronú àtisọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ara òun ò yá. Ó rò ó tì. Irọ́ tó ti wà nílẹ̀ láàárín òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti tó gẹ́ẹ́.

Tíṣà ló kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Obìnrin gígùn ni, ó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò kó tó fẹ̀yìn tì. Ó tẹ́ ẹ̀gbà ọrùn dúdú kan sórí aṣọ.

"Péálì dúdú," ó ní. "Ẹni tó tà á fún mi sọ pé ìsàlẹ̀ òkun tí ẹja gan-an ń bẹ̀rù ló ti wá. Mo wọ̀ ọ́ lọ sí kíláàsì lọ́jọ́ tí ooru mú. Kí n tó kọ ìṣirò kejì sójú pátákó, àwọn ọmọ ti ń fọwọ́ bo ẹnu. Mo wo ara mi. Ọrùn dúdú, àyà dúdú, kọ́là aṣọ dúdú. Ọmọ kan dìde, ó ní, 'Tíṣà, ẹ ti ń ṣí.'"

Aránṣọ fọwọ́ gbá tábìlì. "Ẹ ò jẹ́ kí wọ́n sá yín sábẹ́ ibòji!"

"Ìwọ ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Tìrẹ dà?"

"Tèmi ò ṣí. Tèmi yọ́." Aránṣọ kó ohun kan sílẹ̀ tó dà bí àbẹ́là tó jó tán. Ọkùnrin kúkúrú ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. "Ọgọ́rùn-ún kan ni mo rán sára aṣọ ìyàwó. Ọwọ́ ni mo fi rán an, ọjọ́ mẹ́rin. Mo wá ní kí n lọ̀ ọ́ kó lè dán. Mo gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Mo gbóòórùn. Mo gbé áyọ́ọ̀nù sókè, péálì tẹ̀ lé e, aṣọ tẹ̀ lé péálì."

"Ìyàwó ńkọ́?" ni Nọ́ọ̀sì bi í.

"Aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wọ̀. Ìyá rẹ̀ ni mo ń sọ. Ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì mi ló dì mú, mo ń rìn lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ dé ojú títì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Aláago náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ etí rẹ̀ wà ní ilé ìdáná.

Nọ́ọ̀sì ló kéré jù nínú wọn. Oṣù mẹ́rin péré ló tíì bá wọn ṣe, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ níbi ẹ̀rín yìí nìyẹn. Ó rọra tú áńkáṣífù. Péálì mẹ́jọ wà nínú rẹ̀.

"Etí òkun ni mo ti rà á," ó ní. "Ọkùnrin kan kó ìkarahun sínú báàkẹ́ẹ̀tì omi. Ó ní kí n mú èyí tó bá wù mí, kí òun là á lójú mi, orí mi ló máa sọ bóyá péálì wà níbẹ̀. Mo mú mẹ́jọ. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló ní péálì nínú! Mo ń fò sókè. Mo ní orí mi mà dára o. Ó dọjọ́ kẹta kí n tó wò wọ́n dáadáa." Ó gbé ọ̀kan sókè sí ojú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá. "Ihò wà nínú wọn."

"Hẹn-ẹn!" ni Tíṣà wí. "Ẹran inú ìkarahun ló fi nǹkan lu ú?"

"Ó ti mọ̀ pé ọrùn ni wọ́n ń mú un lọ," ni Aránṣọ wí. "Ó ní kí n kúkú bá wọn dín iṣẹ́ kù."

Ẹ̀rín kan dá sí i láti ilé ìdáná. Ẹ̀gbọ́n Aláago ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rín rẹ̀ ò tíì jáde bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti sin ọkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ mìíràn, inú Aláago ì bá dùn.

"Aláago, ìwọ ló kù."

Ó ti pèsè sílẹ̀. Ó gbé yẹtí kan kalẹ̀, ẹyọ kan péré. Ó ní òun rà á lọ́wọ́ ẹni tó ṣèlérí láti mú ìkejì wá lọ́la, òun sì ṣì ń retí ọ̀la. Kò sọ ọ́ kó dùn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Kí nìyí?" ni Aránṣọ bi í. "Ṣé yẹtí lo kọ́kọ́ rà ni? Nọ́ọ̀sì, má dá a lóhùn. Ti eyín ló yẹ kó sọ."

"Ti eyín wo?"

"Kò tíì gbọ́ ọ!" ni Tíṣà wí. "Aláago, ó di dandan kí o sọ ọ́ fún un."

"Kò sí nílé mọ́," ni Aláago wí.

"Òfin ò gbà á," ni Aránṣọ wí. Ó mọ ilé náà bí ẹni mọ àpò ara rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí dúrọ́ọ̀ kejì nídìí tábìlì, ó fa ẹ̀gbà ọrùn kan yọ. Ó funfun báláú, ó rí roboto, gbogbo ẹyọ rẹ̀ dọ́gba bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wọn lọ́jọ́ kan náà. "Bí kò bá ní sọ ọ́, màá bá a sọ ọ́. Mo ti gbọ́ ọ ní ìgbà mẹ́sàn-án. Nọ́ọ̀sì, bí èèyàn bá fẹ́ mọ ojúlówó péálì, kí ló máa ń ṣe?"

"Á fi ha eyín."

"Bó bá ń ṣe yanrìn-yanrìn lẹ́nu?"

"Ojúlówó ni."

"Bó bá ń yọ̀?"

"Gíláàsì ni. Tàbí rọ́bà."

"O ṣeun. Ọ̀gá wa yìí, ìdajì ló mọ̀. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ aago ló wà, oníbàárà kan ní, 'Fi ha eyín, eyín á sọ fún ọ,' ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sọ ohun tí eyín máa sọ. Ọmọkùnrin wa bá fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ parí ẹ̀. Ó ní ohun olówó iyebíye, ṣe ló yẹ kó máa yọ̀. Ohun yẹpẹrẹ ló ń ṣe yanrìn."

"Aránṣọ, ó tó," ni Aláago wí.

"Kò tó! Ó lọ sí ìsọ̀ obìnrin kan." Aránṣọ dìde. Ó fi ẹ̀gbà ọrùn náà ha eyín, ó yọ ètè sókè bí ewúrẹ́ tó fẹnu kan ewúro. "Ẹ̀gbà ọrùn méje ló dán wò. Mẹ́fà ń ṣe yanrìn. Ó ní, 'Ìyá, ẹ gbé pàǹtírí yìí kúrò níwájú mi, mo mọ nǹkan.' Ìkeje ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ó ní, 'Ẹ̀hẹ́n!' Ó sanwó, ó ń sá lọ, kí obìnrin náà má baà yí ọkàn padà. Wọ́n ní obìnrin yẹn ò tà mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní òun ti rí ojú rere Ọlọ́run."

Omi bọ́ lójú Nọ́ọ̀sì. Tíṣà gbé orí lé tábìlì.

Ní ilé ìdáná, ọ̀bẹ dákẹ́.

Aláago gbọ́ ọ. Àwọn yòókù ò gbọ́ ọ. Ó gbọ́ bí abọ́ ṣe kan ilẹ̀, ó gbọ́ ẹsẹ̀. Ilẹ̀kùn tí kì í dúró ṣí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń nu ọwọ́. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, bí omi tí ń kù lára ife lẹ́yìn tí a dà á nù.

"Ẹ kú ẹ̀fẹ̀ o."

"Màmá, ẹ wá bá wa jókòó!" Nọ́ọ̀sì dìde fún un.

"Rárá, jókòó, ọmọ mi. Mo fẹ́ fi eyín tèmi náà dán an wò ni. Èwo ni ojúlówó níbẹ̀?"

Tíṣà tú èyí tó wà lọ́rùn ara rẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n Aláago yí ojú sí fèrèsé, ó fi ha eyín iwájú, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì.

"Ó ń ṣe yanrìn."

"Ojúlówó nìyẹn, Màmá."

Ó mú ti Aláago. Ó fi ha eyín. "Èyí ń yọ̀."

"Gíláàsì nìyẹn."

Ó tẹ́ méjèèjì sórí aṣọ funfun, ó tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

"Ṣé kì í yí padà? Ṣé kò sí ọdún kan tí èyí tó ń ṣe yanrìn jẹ́ ayédèrú?"

"Kì í yí padà, Màmá," ni Tíṣà wí. "Láti ìgbà tí òkun ti wà."

"Àbúrò mi, ọdún wo ni ìtàn yìí?"

Àwọn àlejò ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n rò pé ẹ̀fẹ̀ ló ń bọ̀. Aláago wo ọwọ́ rẹ̀. Ó lè dárúkọ ọdún mìíràn. Kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ tó lè já a nírọ́.

"Ọdún tí ẹ lọ sílé ọkọ," ó ní.



"Sọ ọ́ fún wọn," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Wọ́n ti gbọ́ apá kan nígbà mẹ́sàn-án. Sọ apá kejì."

Ó sọ ọ́. Kò pọ̀ lẹ́nu. Ó ní ìyá àwọn ní ẹ̀gbà ọrùn péálì kan, ẹyọ méjìléláàádọ́ta, tí bàbá àwọn fi iṣẹ́ ọdún kan rà fún un. Àwọn péálì náà ò rí roboto. Wọ́n wọ́ díẹ̀, àwọ̀ wọn sì dà bí wàrà tó ti pẹ́ nínú ife. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ̀gbọ́n òun lọ sílé ọkọ, ìyá bọ́ ọ lọ́rùn ara rẹ̀, ó fi kọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́rùn. Ìyá ọkọ wà níjòókòó. Inú rẹ̀ dùn, ó ní kò sí irú rẹ̀ nínú ilé tàwọn. Òun, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún, òun ní kí wọ́n mú un wá kí òun dán an wò. Òun fi ha eyín. Ó ń ṣe yanrìn.

"Mo rẹ́rìn-ín," ni Aláago wí. "Mo ní ayédèrú ni. Mo ní wọ́n ti rẹ́ bàbá wa jẹ. Mo sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn."

"Ìyá ọkọ mi ń wo àjà," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Mo rántí. Àjà ló ń wò. Màmá ní, 'Ohun tí bàbá yín fún mi ni mo fún un.' Wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn." Ó yíjú sí Tíṣà, nítorí Tíṣà ló súnmọ́ ọn jù. "Mo tẹ̀ lé wọn wọ yàrá, mo bú wọn. Ìyá mi! Mo ní wọ́n mọ̀, wọ́n sì fi gíláàsì sí mi lọ́rùn lọ sílé àwọn ẹni ẹlẹ́ni. Àbúrò mi mọ̀wé, ó mọ aago, ta ló máa gba ìyá gbọ́? Ìyàwó Onígíláàsì ni wọ́n ń pè mí nílé ọkọ, títí mo fi bí ọmọ kejì. Mi ò fẹsẹ̀ tẹ ilé Màmá fún ọdún méjì."

Aránṣọ ò rí ibi tó máa fi ojú sí. Ọkùnrin náà kì í lè dákẹ́, ó bá gbìyànjú. "Màmá, ẹ má bínú. Àṣé báyìí ni. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́."

"Ọmọdé ni nígbà tó pè é lẹ́fọ̀ọ́," ni ẹ̀gbọ́n Aláago wí. "Ọjọ́ tó wá mọ̀ pé oògùn ni ńkọ́?" Kò gbé ohùn sókè. "Àbúrò mi, ìgbà wo lo mọ̀?"

Ìbéèrè tí ó ti ń sá fún láti ọdún mẹ́rìnlélógójì nìyẹn. Ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí lọ́dọọdún, àṣìṣe ni. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe lè rẹ́rìn-ín sí i bó bá yá. Ohun tó tẹ̀ lé e kì í ṣe àṣìṣe.

"Lọ́dún kejì," ó ní. "Bàbá kan tó ń sín péálì ló là mí lójú."

"Màmá ṣì wà láyé."

"Wọ́n ṣì wà."

"Oṣù mélòó?"

"Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n tún lò. Mo lọ bá wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti sọ ọ́. Bí mo bá ti wọlé, wọ́n á ní ṣé mo ti jẹun. Màá jẹun. Màá sì padà sílé."

"Èmi ńkọ́?"

"Mo wá sílé yín lẹ́ẹ̀kan. Mo ní ìlẹ̀kẹ̀ ìjọ́sí dà. Ẹ ní ẹ ti dà á nù. Mo ní kò burú."

"Mo rántí," ó ní. "O jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Mo rò pé àánú mi ló ń ṣe ọ́."

Ó wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "Màmá ò purọ́." Ó padà sí ilé ìdáná. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ọ̀bẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àlejò kó ẹrù wọn. Nọ́ọ̀sì di péálì mẹ́jọ rẹ̀ sínú áńkáṣífù láìkà wọ́n. Tíṣà gbàgbé láti fi ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ kọ́rùn, ó dì í mú lọ́wọ́ bí ẹni di ilẹ̀kùn mọ́tò mú. Aránṣọ ló gbẹ̀yìn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bí mo bá mọ̀ ni..." Aláago ní, "Èmi mọ̀." Aránṣọ lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń gbé oúnjẹ rẹ̀ fún un ní àkókò. Ó ń kí i láàárọ̀. Ó ń bi í bóyá iyọ̀ tó. Kò fi nǹkan kan pọ̀ mọ́ ọn. Aláago tú aago kan palẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó dọjọ́ kẹta kò tíì tò ó padà. Àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni. Kò rò pé ojú ṣì lè ti èèyàn tó bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ orí òun. Bó bá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, orí rẹ̀ á wálẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ọmọ tó fọ́ abọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ó gbé aṣọ òtútù ọmọ kékeré kan sórí tábìlì. Òwú ni wọ́n fi hun ún. Ó ti gbó, apá rẹ̀ kan ti ń já.

"Nígbà tí mo lóyún àkọ́bí, mi ò ní bọ́tìnì," ó ní. "Mo gé díẹ̀ lára péálì Màmá, mo fi ṣe é."

Aláago fi awò tó fi ń wo inú aago sí ojú kan. Kò fi ọwọ́ kan bọ́tìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà, kò sì fi eyín kàn wọ́n. Kò nílò rẹ̀. Ọṣẹ ti jẹ dídán ara wọn kù, àmọ́ lábẹ́ ibi tí ó ti ṣá, ìmọ́lẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀, bí iná nínú ilé tí wọ́n fa aṣọ fèrèsé.

"Ìyókù ńkọ́?"

"Mo ti sọ fún ọ nígbà yẹn. Kòtò ìdọ̀tí ni. Ọjọ́ tí ìyá ọkọ mi fi orúkọ yẹn pè mí níwájú àlejò ni mo dà wọ́n síbẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ilé lé ibẹ̀ báyìí."

"Ẹ jẹ́ kí n tú wọn lára aṣọ," ó ní. "Kí n fọ̀ wọ́n. Kí n sín wọn fún yín."

"Fi wọ́n síbẹ̀."

Ó ti àga sẹ́yìn, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di èjìká rẹ̀ mú.

"Jókòó. Orúnkún rẹ ò dára."

"Ẹ foríjì mí."

"Èmi lè foríjì ọ́. Ìwọ̀n tèmi nìyẹn. Ẹni tó ni ẹ̀bẹ̀ yẹn ò sí níbí, èmi náà sì jẹ Màmá ní ẹ̀bẹ̀." Ó ká aṣọ náà ní mẹ́rin. "Ọ̀dùnkún ti jinná. Wá jẹun."

Ó jókòó síbẹ̀. Ó gbọ́ ìró abọ́. Ó gbọ́ ọ tó ń pè é lẹ́ẹ̀kejì pé ṣé kò ní wá jẹun ni. Ó dìde, ó lọ, ó jẹun, ojú rẹ̀ ò kúrò nínú abọ́.

Aránṣọ wá pè é sí ìpàdé lóṣù tó tẹ̀ lé e, Aláago ní òun ò lọ. Ó tà fún Tíṣà lára péálì tó ti ń kó jọ, ó fi ìyókù fún Nọ́ọ̀sì. Kò sọ ìdí.

Nínú péálì méjìléláàádọ́ta ìyá wọn, mẹ́ta ló kù.